Táyà 225 lórí ríìmù táyà 205: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Táyà iwájú mi méjèèjì ti ń pá, MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí) sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. 205/55 R16 ló wà lára wọn. Ẹnì kan fẹ́ ta 225/55 R16 fún mi lówó pọ́ọ́kú, ó ní èyí tó fẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú jù. Ṣé kí n rà á?

Bàbá Onítáyà (Peckham): Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Iṣẹ́ vulcanizer ni mo ṣe n'Ìbàdàn kí n tó débí. 205 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 16 ni ríìmù, ní ínǹṣì. 55 ni gíga ìhà rẹ̀: bí ẹ bá pín fífẹ̀ sí ọ̀nà 100, 55 nínú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí 55 ò bá yí padà, táyà tó fẹ̀ sí i á ga sí i náà ni. Tiyín ga tó 632 mìlímítà látòkè délẹ̀. Tọ̀hún á tó 654. Bí mítà iwájú yín bá ń ka 60, ẹ ti ń sá 62, òfin ibí ò sì gbà kí mítà kà dín sí eré tí ọkọ̀ ń sá. Bí ẹ bá tún yí sítíárín dé òpin, ó lè máa ha ike inú. Ní ti dídi ilẹ̀ mú, lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni. Tí omi bá dúró sójú títì, táyà fífẹ̀ ló ń tètè léfòó.

Àbúrò Calgary: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Níbí, tí yìnyín bá dé, tóóró là ń wá. Mo ń gbé 205/55 R16 kúrò, mo ń fi 195/65 R15 sí i lórí ríìmù tirẹ̀. Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ríìmù 15 ò ní kan bíréèkì.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo rí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 205/55 R16 91V, lábẹ́ rẹ̀, 225/45 R17. 225 mà wà níbẹ̀!

Bàbá Onítáyà: Ẹ wo 45 àti 17 tó tẹ̀ lé e. Ríìmù mìíràn ni, ó fẹ̀ ju tiyín lọ, ìhà táyà sì kúrú, ló fi jẹ́ 634. Ẹ ra 205. Ẹ má gba èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kò tó 91, torí 91 ni kílò 615 lórí táyà kan. Bí ti ẹ̀yìn bá ṣì léyín dáadáa, ẹ ní kí wọ́n kó wọn wá síwájú, kí tuntun méjèèjì wà lẹ́yìn, kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ lọ nínú òjò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Sátidé ni wọ́n máa bá mi dè é.