Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wáìnì funfun Chardonnay yìí lè bá ẹja oníata lọ?
Ẹ kú ilé o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Cape Town ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ wá kí mi, mo wá ra Hamilton Russell Chardonnay sílẹ̀ dè wọ́n, ti àfonífojì Hemel-en-Aarde nítòsí ìlú Hermanus, níbi tí atẹ́gùn tútù òkun Àtìláńtíìkì ti ń fẹ́ sí oko àjàrà, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, kì í dùn bíi ṣúgà. Owó ẹ̀ ga gan-an! Ẹja ni mo fẹ́ yan, ẹ̀gbọ́n mi ò sì lè jẹun tí ò láta. Ṣé ata ò ní pa adùn wáìnì náà, àbí kí n gbé ata sọ́tọ̀ ni? Àti pé báwo ló ṣe yẹ kó tutù tó, torí inú àgbá igi ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, tó bá sì tutù jù, èèyàn ò ní gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ti mu ún rí, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn.