Ṣé kí n máa tẹ kíbọ́ọ̀dù gbowó lọ ni, àbí kí n wọ bẹ́ǹdì?

Atẹdùùrù_SE18
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. London ni mo wà, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé àwọn onírọ́ọ̀kì ń pè mí wá sí sítúdíò. Lọ́dún tó kọjá ọmọbìnrin kan pè mí, orin ẹ̀ ò ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ, ó kàn ń kùn ún lẹ́nu ni, èmi ni mo jókòó sídìí piyánò tí mo wá nǹkan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, nóòtì méje péré tó ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, wọ́n fún mi ní 150 pọ́n-ùn, mo dúpẹ́, mo lọlé. Nígbà tó yá mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mò ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bá gbọ́ ìka ara mi lórí rédíò. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí. Orúkọ mi ò sí níbì kankan.

Ní báyìí bẹ́ǹdì kan ní kí n wá di ara wọn. Owó ò tíì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ẹ̀ la ó jọ máa pín. Iṣẹ́ sítúdíò yìí ló sì ń san owó ilé mi o. Mo ti ń ka ìtàn Nicky Hopkins, ẹni tó tẹ piyánò fún gbogbo ayé, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Àjàní_Olórin
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an, jẹ́ kí n bá ẹ sọ tiẹ̀ dáadáa. 1944 ni wọ́n bí i ní Perivale, London níbẹ̀ náà ni. Royal Academy of Music ló ti ń kọ́ piyánò, ọmọ ọdún 16 ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ tó lọ bá àwọn onírọ́ọ̀kì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kà sí ni pé ara ẹ̀ ò le. Àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn's ló ń bá a jà, 1963 ó wọ ọsíbítù, ó lé lọ́dún kan kó tó jáde. Ẹni tí inú ń lọ́ báyìí, ṣé ó máa sùn sínú mọ́tò pẹ̀lú bẹ́ǹdì láti ìlú dé ìlú lálaalẹ́ ni? Sítúdíò ló gbà á, á dé, á tẹ̀ ẹ́, á lọlé ẹ̀. Torí náà má ka ìtàn ẹ̀ bíi ti ẹni tí ò gbọ́n, ara ẹ̀ ló yan ọ̀nà fún un.

Wo ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ fún bẹ́ǹdì The Who ní 1965. 1966, bẹ́ǹdì The Kinks kọ orin kan tí wọ́n pè ní "Session Man", Nicky fúnra ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ tó ń tẹ hapusíkọ́ọ̀dù, ẹ̀yà piyánò ayé àtijọ́. 1968, piyánò iná tó wà nínú "Revolution" ti Beatles, òun ni. Ọdún yẹn náà ni "Sympathy for the Devil" ti Rolling Stones, Rocky Dijon ọmọ Gánà ló lu ìlù kóńgà níbẹ̀, lọ fi íafóònù gbọ́ ọ, wàá rí i pé piyánò yẹn ń bá kóńgà sọ̀rọ̀ ni, ó ń gún un bí ẹni ń gúnyán, kò jẹ́ kó sinmi. "Jealous Guy" ti John Lennon, 1971. Nígbà tí ara gbà á ó bá Jeff Beck onígìtá ṣe, ó bá bẹ́ǹdì Quicksilver ṣe ní California, ó bá Rolling Stones rìnrìn àjò láti 1971 sí 1973. Nashville ló kú sí ní 1994, ẹni 50 ọdún péré. 2025 ni Rock and Roll Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin ńlá ní Amẹ́ríkà, tó wá fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ó dùn mí pé kò rí i.

Kọ́lá_B3
Èmi ní tèmi, wọ bẹ́ǹdì. Gbọ́ "She's a Rainbow" ti Stones, 1967. Piyánò tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn, tó rí bí orin tí ọmọdé ń kọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Nicky ni. Àwọn fáólíìnì tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀, John Paul Jones ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, òun náà sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń háyà nígbà yẹn. Orúkọ Jagger àti Richards, àwọn ọmọ Stones, nìkan ló wà lórí orin náà pé àwọn ló kọ ọ́. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ Jones lọ dá Led Zeppelin sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù, béèsì ló ń ta, kíbọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀, nígbà tí wọ́n sì kọ "No Quarter" orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Orin kan náà làwọn méjèèjì jọ ṣe o, wo ibi tí kálukú bá a dé.

Ìyá_Ìbejì_Leeds
Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Bẹ́ǹdì nìkan kọ́ ló ń gbani. Matthew Fisher ńkọ́? Ọmọ bẹ́ǹdì Procol Harum pọ́ńbélé ni, òun ló tẹ ọ́gáànù Hammond tó wà nínú "A Whiter Shade of Pale" ní 1967, tí wọ́n bá yọ ọ́gáànù yẹn kúrò kí ló kù? Síbẹ̀ orúkọ ẹ̀ ò sí lára àwọn tó kọ orin. 2005 ló tó lọ kọ́ọ̀tù, 2006 adájọ́ fún un ní 40% nínú owó ohùn orin náà, 2008 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn gba owó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, 2009 House of Lords, kọ́ọ̀tù tó ga jù nígbà yẹn, dá a padà fún un. Láti ìgbà tó pẹjọ́ nìkan sì ni owó yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ti ọdún méjìdínlógójì tó ti kọjá lọ nìyẹn.

Àbúrò mi, owó méjì ló wà, má pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ti ẹni tó kọ orin. Èkejì ni ti ẹni tó lù ú tàbí tó tẹ̀ ẹ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tí rédíò bá ń gbé e PPL, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn olórin gbowó níbí, ló ń gbà á, ìdajì ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù, ìdajì ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, àti ẹni tí wọ́n háyà náà. 1996 ni òfin yẹn wọlé níbí. Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Ṣé wọ́n kọ orúkọ ẹ mọ́ àwọn tó ṣe orin ọmọbìnrin yẹn? Tí wọn ò bá kọ ọ́, o lè béèrè fúnra ẹ. Ti nóòtì méje yẹn, pe ọmọ yẹn, bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti lọ́yà.

Àjàní_Olórin
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Àbúrò, kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo náà. Steve Winwood wà nínú bẹ́ǹdì Traffic, ó sì tún ráyè lọ tẹ ọ́gáànù fún Jimi Hendrix nínú "Voodoo Chile" ní 1968. Òun ló bá àwọn ọmọ wa Remi Kabaka àti Lasisi Amao ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù "Aiye-Keta" ní 1973, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà níbẹ̀. Wá a gbọ́.

Atẹdùùrù_SE18
Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Ìbejì, Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò forúkọ sílẹ̀ rí o, ọdún kẹsàn-án! Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ yìí, mo ti ka orin 23 tí mo rántí pé mo wà nínú ẹ̀, mo ṣì ń wá ìyókù nínú fóònù. Mo ti kọ̀wé sí ọmọbìnrin yẹn náà, kò tíì fèsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo máa lọ bá bẹ́ǹdì yẹn jókòó, màá ní ká kọ ọ̀rọ̀ pínpín yẹn sórí ìwé ká tó tan ẹ̀rọ kankan.