Ta ló lè bá mi yan bandwidth yìí (ìwọ̀n bí ìlà ṣe máa rọ̀ tó) nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dátà `faithful` tó wà nínú R ni mo ń lò, ti ìsun omi gbígbóná Old Faithful ní Yellowstone, ìlà 272. Mo ya `density(faithful$eruptions)`, ìlà tó ń fi hàn ibi tí iye ìṣẹ́jú tí omi náà fi ń tú jáde pọ̀ sí: òkè méjì yọ, ọ̀kan nítòsí ìṣẹ́jú 2, èkejì nítòsí 4.5, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ rọ̀ bí àmàlà. Mo kọ `bw = "SJ"` (ọ̀nà Sheather àti Jones fún yíyan bandwidth), òkè méjèèjì ga sókè ṣóńṣó. Èwo ni kí n gbà?

Èsì: Ẹ wo nọ́ńbà bw, ìyẹn bandwidth: 0.3348 fún ti àkọ́kọ́, 0.14 fún SJ. Ti àkọ́kọ́, `nrd0`, tí R máa ń lò bí a kò bá yan nǹkan kan, òfin Silverman ni. Ó mú èyí tó kéré nínú sd (ìwọ̀n bí dátà ṣe fẹ́n káàkiri) àti IQR (fífẹ̀ ìdajì àárín dátà) tí a fi 1.34 pín, ó fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó wá fi n^(1/5) pín in, n sì ni iye ìlà dátà. Dátà olókè kan ló bá mu. Bí òkè bá di méjì, sd á fẹ̀, ìlà á sì tẹ́jú jù. Ìwé ìrànlọ́wọ́ R gan-an sọ pé torí àtijọ́ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi á gba SJ.

Èsì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ SJ ti dójú tì mí rí. Ọjọ́ orí ni mo yà, àwọn èèyàn sì kàn ń sọ 30, 35, 40 ṣáá. Ìlà mi dà bí eyín òòyà! `adjust`, nọ́ńbà tí R fi ń sọ bandwidth di púpọ̀, ni mo fi tún un ṣe.

Olùbéèrè: Mo ti dán `adjust = 0.5` wò báyìí lórí ti àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti SJ dọ́gba. Ẹ ṣé gan-an.