Kí ló dé tí ojú ọ̀ta fi ń fo ìṣísẹ̀ tó hàn gbangba nínú ṣẹ́ẹ̀sì?

Olùkọ́, Àjàṣẹ́:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà ibí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan ní ṣẹ́ẹ̀sì níbí ní Àjàṣẹ́. Bí mo bá to ọmọ ayò sórí ọ̀pọ́n, tí mo ní kí wọ́n wá ìṣísẹ̀ méjì tí yóò pa ọba, kíá ni wọ́n máa ń rí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn fúnra wọn bá jókòó ta á, irú ìṣísẹ̀ kan náà yóò wà níwájú wọn, wọn kò sì ní rí i. Nígbà mìíràn, ayaba wọn gan-an ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún ẹṣin láti jẹ. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ yín, kí ló fà á? Sísọ fún wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Kétu:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má bá wọn wí jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ní ìlú Bonn ní Jámánì, Vladimir Kramnik, tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nígbà náà, bá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Deep Fritz figagbága. Nínú eré kejì, ó gbé ayaba rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo pa ọba rẹ̀: ayaba kọ̀ǹpútà ló wọ àyè h7, ẹṣin rẹ̀ tó wà ní f8 ló sì ń ṣọ́ ọ. Èrò tèmi ni pé ibi tí ẹṣin yẹn dúró sí ló tan ojú jẹ, nítorí kì í sábà ti ibẹ̀ ṣọ́ ayaba. Ọ̀ta àgbà kì í wo ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tó ti mọ́ ọn lójú ló ń wò. Àwọn olùwádìí méjì, William Chase àti Herbert Simon, fi èyí hàn ní 1973, nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀gá máa ń rántí ọ̀pọ́n tó wá láti inú eré gidi dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá kàn da àwọn ọmọ ayò sílẹ̀ ṣákálá, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju òpè lọ. Ìmọ̀ tó ń jẹ́ kó yára ríran náà ni kì í jẹ́ kó rí ohun tí kò bá àwòrán mu.

Ìyá Ìbejì, Sábẹ̀ẹ́:
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kù síbì kan. Ìṣísẹ̀ rere tí ènìyàn kọ́kọ́ rí lè bo èyí tó sàn jù ú mọ́lẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Merim Bilalić, Peter McLeod àti Fernand Gobet, gbé ọ̀pọ́n kan ka iwájú àwọn tó mọ eré náà dáadáa. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ wà níbẹ̀ láti pa ọba, òmíràn tó kúrú jù ú náà sì wà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣọ́ ibi tí ojú wọn ń lọ. Àwọn ọ̀ta náà sọ pé àwọn ń wá ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn àyè tó jẹ mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ojú wọn ń padà sí ṣáá. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti ṣíwọ́ wíwá kò lè tún un ṣe. Ní Sochi ní Rọ́ṣíà ní 2014, nínú eré kẹfà ìdíje fún ipò ọ̀gá àgbáyé, Magnus Carlsen gbé ọba rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Viswanathan Anand ì bá fi ẹṣin jẹ ọmọ-ogun kí eré sì yí sọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tirẹ̀ ló ń bá lọ, ó sún ọmọ-ogun ẹ̀gbẹ́ síwájú, ó sì pàdánù.

Olùkọ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Ṣé kí n fi kún àkókò wọn ni?

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Kétu:
Àkókò dára, àmọ́ òun nìkan kò tó. Nígbà tí ẹ ní kí wọ́n wá ìṣísẹ̀ tí yóò pa ọba, ẹ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú eré, kò sẹ́ni tí yóò kéde rẹ̀. Ẹ da àwọn ọ̀pọ́n tí kò sí ohunkóhun níbẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, kí ẹ má sì sọ èwo ni èwo. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, òpè a máa ka ọmọ ayò tirẹ̀, kó gbàgbé odù tó wà lọ́wọ́ ẹni kejì. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí ìṣísẹ̀ ẹni kejì ṣí sílẹ̀ àti ohun tó ń dojú kọ, kí wọ́n tó padà sórí ètò tiwọn. Kí wọ́n sì wo ìṣísẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn, torí ojú máa ń fò ó jù.

Ìyá Ìbejì, Sábẹ̀ẹ́:
Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ kọ ìṣísẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbé e, kó lè tún un wò. Ẹ má kọ́ wọn ní èyí, Olùkọ́, òfin FIDE, ẹgbẹ́ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, kò gbà á mọ́.