Omi kànga wa kò jẹ́ kí àwọ̀ yí padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú kẹ́mísírì. Òṣogbo ni mo wà, mo ń fi EDTA (kẹ́míkà tó ń di kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú omi mú) wọn bí omi kànga wa ní Òkè-Fìà ṣe le tó (ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ rárá, màmá mi ti ráhùn sú). Ní pH 10 (pH ni ìwọ̀n bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí alkálì tó), ó yẹ kí Eriochrome Black T, aró tó ń fi hàn pé ìdíwọ̀n ti parí, kúrò ní pupa, kó di búlúù. Tèmi kàn ń di elésè àlùkò ṣáá ni. Mo ti po bọ́fà (èròjà tó ń mú pH dúró sójú kan) tuntun. Omi ẹ̀rọ sì ṣe dáadáa. Irin tàbí bàbà inú omi kànga ni mo fura sí pé ó ń dí aró náà lọ́wọ́. Sáyánáìdì lè dè wọ́n mọ́lẹ̀, àmọ́ májèlé ni, n ò fẹ́ ẹ. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.