Wọ́n ní ohun tó ń mọ ọ̀rá nínú ara lè wo ìtọ̀ ṣúgà, ṣé kí Bàbá mi fi oògùn wọn sílẹ̀?

Ọmọ Mọ́níyà
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68, ìtọ̀ ṣúgà wọn sì ti pẹ́. Metformin àti glimepiride ni wọ́n ń lò. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ti fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wọn ni ilé ò ti rọgbọ mọ́. Fídíò náà ní àwọn ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tó máa ń mọ̀ bí ọ̀rá bá ti dé, pé bí a bá ti jí wọn, ṣúgà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó tó parí, wọ́n ti ń polówó epo ẹja oníkóró. Bàbá ti ra ike mẹ́ta! Wọ́n wá ní àwọn ò lo glimepiride mọ́, torí bí wọ́n bá lò ó tí oúnjẹ sì pẹ́, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Òótọ́ wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í gba "wọ́n ní, wọ́n ní" lẹ́nu mi.

Apòògùn Òkè-Bọ́là
Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tí ọjà ti wọ̀ ọ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ra.

Nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ṣe ínsúlìn, ohun tó ń mú ṣúgà wálẹ̀. Lára wọn ni receptor kan wà, ìyẹn ohun tó ń mọ nǹkan tó bá kan sẹ́ẹ̀lì, GPR40 lorúkọ ẹ̀. Ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Takeda ní Japan gbé e jáde pé ọ̀rá ló ń jí i. Bí ọ̀rá bá kàn án, tí ṣúgà sì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á tú ínsúlìn síta sí i. Kí Bàbá fojú sí "tí ṣúgà sì ti pọ̀" yẹn dáadáa. Glimepiride kì í bèèrè bóyá èèyàn ti jẹun, pàṣán ló ń fi lé pancreas. Ohun tó ń mú ọwọ́ wọn gbọ̀n nìyẹn. GPR40 kì í ta pútú bí ṣúgà bá ti wálẹ̀, òun ló fi wu àwọn tó ń ṣe oògùn.

Takeda wá ṣe oògùn tó ń jí i, fasiglifam lorúkọ ẹ̀. Ó mú ṣúgà wálẹ̀ bíi ti glimepiride, ṣúgà àwọn tó lò ó kì í sì í sábà já wálẹ̀ jù. Ó ti dé ìpele ìdánwò tó kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Takeda fúnra wọn dá a dúró, torí ó ń ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn kan léṣe. Ẹni tó bá wá ń ta "ajírà" lórí WhatsApp, ẹ bi í pé kí ló mọ̀ tí Takeda ò mọ̀.

Ìyá Kọ́lá
Èmi ò mọ GPR kankan o. Àmọ́ ṣé kì í ṣe irú ẹ̀ náà ni pioglitazone? Ìyá ọkọ mi lò ó rí. Ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ihò ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò wọ̀ mọ́.

Apòògùn Òkè-Bọ́là
Ẹ ṣeun, Ìyá Kọ́lá, ẹ kan ibẹ̀. Tìyẹn ń jẹ́ PPAR-gamma, inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún ló wà, òun náà ń mọ ọ̀rá. Bí pioglitazone bá jí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá á kó ọ̀rá tó ń ṣákolo nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ẹ̀dọ̀ àti iṣan á sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ínsúlìn lẹ́nu. Ọdún 1999 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń lò ó dòní. Àmọ́ èèyàn máa ń sanra sí i, omi máa ń dúró sára, egungun àwọn obìnrin sì lè tètè kán. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, troglitazone, kò tiẹ̀ pẹ́ lọ́jà: ẹ̀dọ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ kó o kúrò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000.

Epo Ìlera Pípé
Ẹ̀yin apòògùn ò ní fẹ́ kí aráyé mọ̀! Omega-3, ọ̀rá inú epo ẹja, ń jí GPR120, òun náà ń mọ ọ̀rá bíi GPR40. Ìwádìí wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Ìwádìí wà lóòótọ́, ọ̀gá. Ti ọdún 2010, láti California. Eku ni wọ́n fún jẹ. Èyí tí wọ́n fi èèyàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe ni ASCEND, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2018: èèyàn 15,480, àwọn kan ń lo gíráàmù epo ẹja kan lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo epo ólífì, fún ọdún tó lé ní méje. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ò dín kù lára àwọn tó lo epo ẹja. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ti ṣúgà, àmọ́ ẹ sọ iye tí ẹ ń ta ike kan.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló jẹ mí lógún. Ọmọ mi, bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wọn ṣúgà wọn. Bí kò bá tó 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní kóró ṣúgà mẹ́rin tàbí ààbọ̀ ife mínírà, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kíá. Glimepiride, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó mọ́, kì í ṣe inú òfo. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn. Ẹ kọ ìgbà tí ara ń gbọ̀n wọ́n sínú ìwé, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn oògùn tí kì í já ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Ní ti ẹja, títù tàbí ṣawá, kí ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án, ó dáa fún wọn. Ẹ kàn má fi òkìtì ẹ̀bà tì í lẹ́yìn.

Ọmọ Mọ́níyà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ti gbà láti rí dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àmọ́ wọ́n ní kí n bi Apòògùn: ṣé GPR40 yẹn ló ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni, àbí oògùn tí wọ́n fi jí i?

Apòògùn Òkè-Bọ́là
Tíṣà ni wọ́n lóòótọ́! Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí ni oògùn náà fúnra ẹ̀: ó ń dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀. Ìyẹn ni àwọn kan ò fi tíì pa GPR40 tì, wọ́n ṣì ń wá oògùn tó lè jí i tí kò ní fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀. Ẹ bá mi kí wọn.