Orúkọ tí ìyàwó ilé kì í pè

Ẹ kú àárọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan. Èmi ni mo máa ń pe orúkọ àwọn tó wá gba ìtọ́jú láti ara káàdì wọn. Lọ́jọ́ Ajé kan, èrò kún fọ́fọ́, mo mú káàdì tó kàn, mo bá orúkọ àbúrò ọkọ mi níbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Jẹ́léósinmi ló wà nígbà tí mo wọlé ọkọ. Obìnrin ni o, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Mo na káàdì sí ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì pe orúkọ náà bí ẹni mu omi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkọ mi ò ru irú ẹrù yìí. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí mi, ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá wa sọ àwọn àbúrò mi náà ló fi ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi í. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí Ìbàdíàrán, Adúmáadán àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ parun. Àwa ìyàwó la fún wọn lórúkọ, a wo ọmọ dáadáa ká tó sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́?

Ìyàwó àgbà, Ọ̀yọ́: Ẹ máa na káàdì yẹn sí ẹlòmíràn, kò burú. Èmi gbádùn orúkọ wọ̀nyí gan-an. Ọmọ ọkọ mi kan kì í kí mi láàárọ̀. Mi ò bá a jà, mo kàn sọ ọ́ ní Akíni-má-rẹ̀ẹ́. Bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, kíá ló ń kúnlẹ̀. Ta ló máa ní mo bú òun?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London: Akọ̀wé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí láti kékeré. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pe orúkọ mi gan-an, lórí fóònù, lóru. Mo ti ń wá bàtà kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀gbọ́n mi dákú. Ara wọn ti yá báyìí, a dúpẹ́.